Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fi ilẹ̀ oúnjẹ gbin ohun tí wọ́n á fi ṣe epo?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn. Hẹ́kítà 8 ni bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ là ń gbìn síbẹ̀. A ń jẹ nínú rẹ̀, a sì ń ta ìyókù. Ilé iṣẹ́ kan wá bá wa pé kí a gbin bọ̀tujẹ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní làpálàpá, sí gbogbo rẹ̀, àwọn á máa ra èso rẹ̀ láti fi ṣe dísẹ́ẹ̀lì. Ọdún 15 ni àdéhùn náà. Wọ́n ní kò fẹ́ omi, kò fẹ́ ajílẹ̀. Àbúrò mi ti fẹ́ fọwọ́ sí i. Ìyá wa ní ilẹ̀ oúnjẹ kò ní di ilẹ̀ epo lójú òun. Èmi ni àkọ́bí, ẹnu mi ni wọ́n ń wò.

Oníbọ̀tujẹ̀ Àná: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Mo gbìn ín rí, hẹ́kítà 3. Òótọ́ ni pé ọ̀dá kì í tètè pa á. Ṣùgbọ́n kí igi má kú yàtọ̀ sí kó so. Lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, èso tí mo ká kò tó owó àwọn tó bá mi ká a, torí kì í pọ́n pa pọ̀: èyí lónìí, òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ọdún kẹrin tó pé, àwọn tó ní àwọn á rà á kò gbé fóònù wa mọ́. Májèlé ni èso yẹn. Èèyàn kò lè jẹ ẹ́, ẹran ọ̀sìn kò sì lè jẹ èérí tó kù lẹ́yìn òróró. Mo jókòó ti àpò èso tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Íńdíà, Tanzania àti Mozambique lẹ́yìn ariwo ńlá ọdún 2007 sí 2008.

Màmá Ìbejì: Ìyá yín gba ọ̀rọ̀ sọ. Tí oúnjẹ bá wọ́n, a kì í se owó jẹ.

Ọmọ Onírèké: Gbogbo ohun ọ̀gbìn tó ń di epo kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Láti 1975 ni Brazil ti gbé ètò ethanol, ìyẹn ọtí tí wọ́n ń lò bí epo ọkọ̀, kalẹ̀. Hẹ́kítà ìrèké kan ń mú nǹkan bí 6,000 lítà wá, àgbàdo kò tó bẹ́ẹ̀. Ìrèké tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán ni wọ́n fi ń dáná ilé iṣẹ́. Bí ṣúgà bá lówó lórí, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ṣe ṣúgà sí i. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ní. Ẹ̀gẹ́ tiyín náà lè di ethanol, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á rà á.

Olùkọ́ Ọ̀gbìn: Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 àgbàdo wọn ló ń lọ sí ilé iṣẹ́ ethanol, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ń padà di oúnjẹ ẹran. Nígbà tí oúnjẹ gbówó lórí gan-an káàkiri ayé ní 2007 sí 2008, epo inú ohun ọ̀gbìn wà lára ohun tó fà á, pẹ̀lú ọ̀dá àti ọ̀wọ́n epo rọ̀bì. Bí ẹ bá sì kúrò nídìí oúnjẹ, ẹlòmíràn lè lọ ṣán igbó láti gbin èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Èéfín igbó yẹn lè ju èyí tí epo yín ń dín kù lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí Yúróòpù fi fi ààlà sí iye epo ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ohun jíjẹ ṣe ní 2015. Tó bá wù yín, ẹ fi bọ̀tujẹ̀ ṣe ọgbà yí oko ká. Ẹran kì í jẹ ewé rẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Èmi àti àbúrò mi jọ ka gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpò èso yẹn ló mú un dákẹ́. A ní kí ilé iṣẹ́ náà kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n á ra ẹ̀gẹ́ hẹ́kítà 2, ọdún méjì péré, ká sì lè tà á fún ẹlòmíràn bí wọn kò bá wá. Wọn ò tíì fèsì. Ìyókù, àgbàdo ni. Oníbọ̀tujẹ̀, ilẹ̀ tiyín ńkọ́?

Oníbọ̀tujẹ̀ Àná: A gé e, ó tún ń rú. Gbòǹgbò la wá ń hú, igi kọ̀ọ̀kan. Hẹ́kítà kan ló kù.