Ìfàmu kọ́ ni absorbance o

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ dábàá yẹn, pé ká pe transmittance ní "ìlàkọjá" ká sì pe absorbance ní "ìfàmu", èyí àkọ́kọ́ ò burú: wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ sí omi tí oògùn (kẹ́míkà) wà nínú ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó la omi yẹn kọjá náà ni wọ́n ń wọ̀n lóòótọ́, wọ́n á fi iye tó wọlé pín in, wọ́n á sọ ọ́ di pásẹ́ǹtì, ó parí. Èkejì ni mi ò gbà.

Ẹni tó bá gbọ́ "ìfàmu" á rò pé ohun tó ṣẹ́ kù ni, pé tí 50 bá là kọjá, 50 ni ìfàmu. Ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà o, absorptance ni (àwọn tó sọ wọ́n lórúkọ náà ò ṣàánú wa). Absorbance ní tiẹ̀, lọ́gì ni (logarithm, agbára tẹ́ ẹ máa gbé 10 sí kẹ́ ẹ tó rí nọ́ńbà kan): ẹ mú 2, ẹ yọ lọ́gì pásẹ́ǹtì tó là kọjá kúrò. Tí 100 bá là kọjá, òdo ni, 50 á fún yín ní 0.301, 10 á fún yín ní 1, 1 péré á fún yín ní 2. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà, ẹ yọ absorbance kúrò nínú 2, kẹ́ ẹ gbé 10 sí agbára ohun tó kù, 0.5 á di bíi 31.6. Ẹ wá wò ó, láti 1 dé 2 yẹn, ohun tí omi yẹn fà mu kàn kúrò ní 90 bọ́ sí 99 ni, kò di ìlọ́po méjì, ibo ló ti fẹ́ rí 180?

Lọ́gì yẹn nídìí. Ẹ to ife gíláàsì méjì tí omi oògùn kan náà wà nínú wọn tẹ̀ lé ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ kí ìdajì kọjá. 25 ló máa jáde lẹ́yìn. Pásẹ́ǹtì ń sọ ara wọn di púpọ̀, absorbance ń ro pọ̀ ni: 0.301 àti 0.301, 0.602. Ìdí nìyẹn tí òfin Beer-Lambert fi lè sọ pé tí oògùn inú omi bá di ìlọ́po méjì, absorbance náà á di ìlọ́po méjì, tí gíráàfù á sì fà gbọọrọ.

Ẹ tún wò ó, tí omi bá dàrú, tó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ẹ̀rọ ò mọ̀yàtọ̀, á kà á mọ́ absorbance bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan ò fà á mu. Báwọn tó ń sin bakitéríà ṣe ń wọn tiwọn nìyẹn, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì ẹ̀ jẹ́ 600 nm (nanomítà).

Tèmi ni pé kí "ìfàmu" lọ bá absorptance, ká wá pe absorbance ní "òṣùwọ̀n ìdímọ́lẹ̀". Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀, àmọ́ kí "òṣùwọ̀n" má kúrò níwájú ẹ̀ o, òun ló máa jẹ́ kẹ́ni tó ń kà á fura pé kì í ṣe ìdá kan nínú 100. Ó wá ku ε inú òfin Beer-Lambert (nọ́ńbà tó ń sọ bí oògùn kan ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ mu tó), ta ló lórúkọ fún un?