Èsì: Kí ni “olù-” ń wá nídìí ẹ̀rọ?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láti Òṣogbo ni mo ti ń kí yín.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lórí iṣẹ́ tí ọ̀gbẹ́ni wa ará Ìbàdàn gbé kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń túmọ̀ ìlànà àwọn gémù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí èrò púpọ̀ jọ ń ta, wọ́n sì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mẹ́ta. “Olùtọpinpin òṣèré” ni wọ́n pe ẹ̀rọ tó ń ṣírò bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń ta sí: ìgbà tó borí, ìgbà tó fìdí rẹmi, ìgbà tó sá lójú ìjà. “Amí” ni wọ́n pe gbogbo ìkànnì tó ń kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ fún aráyé wò. “Àṣírí òṣèré” ni wọ́n wá pe ẹ̀tọ́ tí ẹni tó ń ta gémù ní láti yan ẹni tí yóò rí nǹkan rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín ti kan sáárá sí wọn. Èmi ò lè kan sáárá. Inú bí mi nígbà tí mo rí “olù-” yẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ tẹnu mi kó tó di pé ọ̀rọ̀ náà wọ ìwé tí àwọn ọmọ wa yóò máa kà.

Ẹ jẹ́ ká mú “olù-” ná. Olùkọ́, olùṣọ́, olùgbàlà, olùdìbò, olùbánidámọ̀ràn. Ẹ bá mi wá ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú wọn. Ẹni tó ní orúkọ, tí a lè pè wá sọ tẹnu rẹ̀, ni “olù-” máa ń bí. Nígbà tí àwọn tó ṣáájú wa fẹ́ sọ ẹ̀rọ lórúkọ, “a-” ni wọ́n mú: amóhùnmáwòrán, asọ̀rọ̀mágbèsì, amúlétutù, agbóhùnsílẹ̀. Òótọ́ ni pé “a-” ń bí ènìyàn náà, a ní apẹja, a ní awakọ̀, a ní akọ̀wé. Ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀rọ mọ́ra, “olù-” kò gbà á. Bí ẹ bá fi “olù-” síwájú ẹ̀rọ, ẹ ti fún un ní ojú, ẹ ti fún un ní làákàyè, ọmọ tó bá kà á yóò sì gbà pé ẹnì kan tó mọ ohun tó ń ṣe ló jókòó tó ń dájọ́ òun.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà lásán lọ́dọ̀ mi. Ọmọ àbúrò mi kan ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Fíà, ọmọ girama ni. Ó fẹ́ràn gémù kan tí ẹni márùn-ún máa ń dojú kọ ẹni márùn-ún. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó tì í. Wọ́n ti to àwọn márùn-ún jọ, ìjà ò tíì bẹ̀rẹ̀, ni ẹnì kan tí kò mọ̀ rí nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti wo orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì kan, pé ẹni tó máa ń sá lójú ìjà ni, kó tètè kúrò kí àwọn rí ẹlòmíì mú. Ọmọ náà ò fèsì. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, ó ń wo ojú mi. Èmi mọ ìtàn sísá yẹn. Iná ló lọ. Kí a tó fa jẹnẹrétọ̀, kí iná tín-ńtín ara ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì wa tó kúrò ní pupa, gémù ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó já ẹgbẹ́ rẹ̀ jù sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí léraléra nígbà òjò.

Àkọsílẹ̀ yẹn ò parọ́. Ọmọ náà ò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló tọpinpin? Nínú èdè wa, ẹni tó bá tọpinpin ọ̀rọ̀ ti dé ìdí rẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló ń tọpinpin: á bi ẹni tọ́ràn kàn, á bi ará ilé, á wọ̀tún wòsì. Ẹ̀rọ yìí ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ibi tí ẹsẹ̀ tẹ̀ ló ń kà, ó sì parí síbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní “atọpasẹ̀” ló tọ́: a, tọ, ipa, ẹsẹ̀. Bàbá wa àgbà, ọdẹ ni wọ́n kí ọjọ́ ogbó tó dé, “mo tọ ipa rẹ̀” ni wọ́n máa ń wí bí wọ́n bá ń ròyìn ẹran. N ò gbọ́ “tọpinpin” lẹ́nu wọn nípa ẹran rí.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n wa ará Abẹ́òkúta ti wá já lu ọ̀rọ̀, tí wọ́n kọ “atọpá” sí wa, tí wọ́n ní ohun kan náà ni. Kì í ṣe ohun kan náà! Re re ni ipa tí ẹsẹ̀ fi sílẹ̀. Re mí ni ipá, agbára. Dò mí ni ìpá, àìsàn tí ọkùnrin kì í fẹ́ dárúkọ láàárín èrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́. A kì í fi ohùn ṣeré nínú èdè yìí.

Ó tún kù. Àǹtí wa ará Ìlọrin béèrè pé kí ló dé tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ta yóò fi fẹ́ bo àkọsílẹ̀ rẹ̀, pé àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ta nìkan ló ń sá pamọ́. Ẹ wo World of Tanks, gémù ọkọ̀ ogun. Àfikún kan wà tí wọ́n ń pè ní XVM, ó máa ń kun orúkọ àwọn tó wà lójú ìjà ní àwọ̀ gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ wọn: pupa fún ẹni tí kò dára, àlùkò fún àwọn ọ̀gá. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn aláwọ̀ àlùkò ni wọ́n ń kígbe jù, nítorí pé bí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, orí wọn ni àwọn ọ̀tá ń kọ́kọ́ da ọta lé. Àwa ọmọ ìlú aró mọ̀ pé àwọ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn fara pamọ́, ì báà ṣe àwọ̀ iyì. Nítorí náà, àtọ̀gá àtòpè ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ó wá kan “amí”. Ẹni tó ka ìwé Jóṣúà mọ ohun tí amí jẹ́: méjì ló rán lọ sí Jẹ́ríkò, Ráhábù sì fi wọ́n pamọ́ sórí òrùlé. Amí ń wọ ìlú onílùú láìjẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó bá wá. Ìkànnì tó ń gba ohun tí onígémù fúnra rẹ̀ fi léde, tí ẹni tó ń ta á sì lè dí i, kì í ṣe amí. Nínú Dota 2, bọ́tìnnì kan wà nínú ètò gémù náà. Bí o kò bá ṣí i, àwọn ìkànnì ìta kò ní lè so ìjà tó o jà mọ́ orúkọ rẹ. Ẹ ò lè fi orúkọ kan náà pe irú ìyẹn àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú Final Fantasy XIV.

Ní ọdún 2024, nígbà tí wọ́n gbé Dawntrail, apá tuntun gémù náà, jáde, wọ́n tún ọ̀nà tí ènìyàn fi ń dí ẹni tí kò fẹ́ rí ṣe, kí ìdènà náà lè kan gbogbo ẹ̀dá tí ẹni yẹn fi ń ta gémù lórí àkáǹtì kan. Èrò rere ni. Àmọ́ nọ́ńbà tó so àwọn ẹ̀dá náà pọ̀ wá ń dé orí kọ̀ǹpútà àwọn tí wọ́n jọ ń ta. Ẹnì kan ṣe àfikún kan, Playerscope, tó ń ṣa nọ́ńbà yẹn jọ, tó sì ń fi hàn pé lágbájá ibí yìí náà ni tàmẹ̀dò ọ̀hún. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ń sá fún ẹnì kan tó ń dọdẹ rẹ̀, tó ti yí orúkọ padà, tó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dá tuntun, wọ́n tún há a mọ́ igun. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Naoki Yoshida tó ń darí gémù náà kọ̀wé síta pé àwọn yóò ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, pé àwọn sì ń ro ọ̀nà òfin. Ìyẹn ni amí! Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún irú rẹ̀. Bí a bá pe gbogbo wọn ní amí, ọjọ́ tí amí gan-an bá dé, ariwo kí ni a óò pa?

Èyí tó dùn mí jù ni “àṣírí”. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń lò ó: àṣírí tú. Ọlọ́run bo àṣírí wa. Ẹni tí a bá fi àṣírí pamọ́ fún, nǹkan wà lọ́wọ́ wa tí a kò fẹ́ kó hàn, ìtìjú ni o, òṣì ni o, èrò ogun ni o. Ní oṣù keje ọdún 2010, Blizzard, àwọn tó ni World of Warcraft, kéde pé orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ènìyàn ni yóò máa hàn lára ohunkóhun tó bá kọ sí pápá ìjíròrò wọn. Ariwo sọ, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi yí ohùn padà. Ṣé àṣírí ni orúkọ? Ọjọ́ kẹjọ la ń sọ ọmọ lórúkọ lójú mọ̀lẹ́bí àti aládùúgbò, tí àwọn àgbà ń fi owó sí omi kí àwọn náà lè sọ tiwọn. Kò sí ohun tó fojú hàn tó orúkọ. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn yẹn ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ sọ ẹ̀tọ́ yẹn kò gbọdọ̀ dá ẹni tó ni ín lẹ́bi kó tó lanu.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni “ìyẹ̀wù”. Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, ìyẹ̀wù wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àlejò ń jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bu omi fún un. Kò sí ohun ìtìjú kankan nínú ìyẹ̀wù Ìyá wa àgbà. Aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rẹ ní aró ni wọ́n ń ká sínú àpótí níbẹ̀, òórùn ẹ̀lú sì máa ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ ilé pàápàá kì í wọ̀ ọ́ láìkágò. Ẹni tó bá dé á ní “àgò onílé o”, ìgbà tí onílé bá ní “àgò yà” ló tó gbé ẹsẹ̀. “Ẹ̀tọ́ ìyẹ̀wù” ni mo fẹ́ ká máa wí. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí gémù Overwatch ní oṣù kẹfà ọdún 2018 bá a mu rẹ́gí: ṣáájú ìgbà yẹn ojúlé àkọsílẹ̀ gbogbo ènìyàn ṣí sílẹ̀ gbayawu, láti ìgbà yẹn wọ́n tì í mọ́ àjèjì, ẹni tó bá fẹ́ ká wo òun ló ń ṣí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni gémù League of Legends ní 2022, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bo orúkọ àwọn alábàáṣepọ̀ nínú ìdíje olóyè, èyí tí wọ́n fi ń pín ipò, ní àkókò tí wọ́n ń yan akọni, kí ẹnikẹ́ni má baà sáré lọ yẹ àkọsílẹ̀ ẹnìkejì wò kó sì sá kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọ̀rọ̀ fún ìyọ̀ǹda, “àgò yà” ti wà nílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni wa ní àwọn jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ifẹ̀, pé kí á má fi ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ ba ìmọ̀ ẹ̀rọ jẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn Bamgbóṣé àti Awóbùlúyì, àwọn onímọ̀ èdè tí wọ́n ṣe iṣẹ́ èdè-ìperí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ìmọ̀, kò kọ ohun àtijọ́, wọn ò sì kọ àyálò: fóníìmù àti mọ́fíìmù, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè tí ẹ ń lò láti fi bá mi jà, ibo ni wọ́n ti wá? Nítorí náà, “gémù” kì í ṣe ẹ̀gàn, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ti “dátà” ni n ò tíì rí ojú rẹ̀. Òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bò ó ti wà láti 2023, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wí fún ará Òṣogbo pé ìjọba ń dáàbò bo dátà rẹ̀, èyí tó rà sórí fóònù ni yóò rò. Àwọn kan ní “ìwífún”. Ẹ jẹ́ kí àwọn amòfin tó wà láàárín wa sọ̀rọ̀.

“Òṣèré” ńkọ́? Òṣèré ni àwọn tíátà, àwọn Dúró Ládiípọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Òṣogbo yangàn káàkiri ayé. Ẹ má kó ọmọ tó ń ta gémù pọ̀ mọ́ wọn. “Atayò” ni mo kọ dípò rẹ̀, nítorí pé ayò ti gba lúdò àti dírááfù mọ́ra tipẹ́. Àǹtí ará Ìlọrin ní àwọn ò gbọ́ “atayò” rí, “ọ̀tayò” ni kí n wí. Àǹtí mi, nídìí ọpọ́n, ọ̀ta ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, òpè ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá pe gbogbo wọn ní ọ̀tayò, kí lẹ ṣẹ́ kù fún ọ̀ta? N ò gbà. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà kan rí pé wọ́n pe òpè ní ọ̀tayò, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, ẹ sì dárúkọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ.