Àtúnrán lèmi fọwọ́ sí o, kì í ṣe ìtumọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka àríyànjiyàn yín láti àná lórí orúkọ tó yẹ ká fún irú ohun tí Patience Agbabi, akéwì ará Britain, ṣe nínú ìwé ewì ẹ̀, Telling Tales, lọ́dún 2014, bó ṣe mú àwọn ìtàn Canterbury tí Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kọ ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá, tó wá sọ ọ́ di ewì òde òní. Bọ̀dá wa kan ní ìtumọ̀ ni, Àǹtí wa ní rárá, àtúnsọ ni. Ẹ má bínú, méjèèjì ò wọ̀ mí létí. Àtúnrán lèmi máa pè é, bí ìgbà tí télọ̀ bá tú aṣọ àtijọ́, tó tún un rán di òmíì.

Ẹ wo Alisoun, ìyàwó ilé kan láti ìlú Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó wà nínú ìtàn Chaucer yẹn. Chaucer ní ó mọ aṣọ hun débi pé àwọn ará Ypres àti Ghent, àwọn ìlú tó lókìkí fún aṣọ híhun, ò lè bá a dù ú. Lọ́wọ́ Agbabi ó di Mrs Alice Ebi Bafa, ọmọ Nàìjíríà, kò tíì kí yín tán tó ti ń bi yín bóyá ẹ máa raṣọ. (Bath náà ni Bafa, ẹ pè é sókè kẹ́ ẹ gbọ́. Ebi yẹn kì í sì í ṣe èyí tó ń pa èèyàn o, ó jọ orúkọ àwọn Ijaw, bíi Ebiere.) Ahunṣọ ti di ìyá aláṣọ, irú èyí tó máa fà yín lọ́wọ́ ní Balógun. Tó bá jẹ́ ìtumọ̀ ni, ìdí òfì ló yẹ kó ṣì jókòó sí.

Ibi tó wá dùn mọ́ mi jù ni eyín. Gat-tothed ni Chaucer pè é, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ti jà lé gat yẹn lórí gan-an, àwọn kan ní ewúrẹ́ ni, pé ó ń fi bú u ní alágbèrè ni, àwọn míì ní àlàfo ni, eyín tó ṣí, èmi bá àwọn yẹn lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà yẹn gbà pé obìnrin tí eyín ẹ̀ bá ṣí, ọkùnrin ò ní tó o, Alisoun fúnra ẹ̀ ní òǹtẹ̀ Venus, òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Róòmù, ni, ó sì yẹ òun. Ó dáa, tá a bá fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá ńkọ́? Èjí ni. Ìyá ìyá mi ò ní tiẹ̀ látọ̀run, ṣe ló lọ pa á kó tó relé ọkọ! Tẹ́ ẹ bá ti kọ èjí báyìí, eyín náà délé, èébú inú ẹ̀ ò délé. Ẹ ti tún un rán nìyẹn, ẹ ò tiẹ̀ mọ̀.

Ẹni tó kọ àṣẹ fún auctoritee, ọ̀rọ̀ kan tí Alisoun sọ nínú ìtàn náà, mi ò gbà o. Kì í ṣe àṣẹ ọba. Ohun tí àwọn àgbà onímọ̀ ti kọ sínú ìwé ni, Jerome, bàbá ìjọ àtijọ́ yẹn, àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, Alisoun wá ní ìrírí tòun náà tó láti fi sọ̀rọ̀. Ẹ rántí Jankyn, ọkọ ẹ̀ karùn-ún, tó máa ń ka ìwé ìyàwó búburú sí i létí lálaalẹ́, títí Alisoun fi já ewé nínú ìwé náà, lọkọ bá gbá a létí débi pé etí ẹ̀ di. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìwé-wí jàre.

Wọ́n ní àtúnrán á jọ èyí tí wọ́n ń rán kiri lórí WhatsApp. Kó jọ ọ́! Chaucer gan-an, ara ohun tí Jerome kọ àti ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó inú Roman de la Rose, ewì àwọn Faransé, ló tú, tó tún rán. Mo ní bùbá kan tí télọ̀ rán fún mi látara ìró màmá mi, ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ ṣì wà létí ọwọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí i tó pè é ní ìró.

Ẹni tó bá lọ́rọ̀ tó dáa ju àtúnrán lọ kó mú un wá.