Mo ti fi sìgá sílẹ̀ fún vape, mo sì ń lọ sílé ní oṣù kejìlá: ṣé kí n gbé e dání ni, àbí kí n jáwọ́ nínú rẹ̀ kí n tó lọ?

Bàbá Tóbi (London):

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti mu sìgá rí. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi mu ún. Ìbàdàn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọ̀pá kan péré lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Nígbà tí mo fi máa di awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní London níbí, páálí kan tó ní ogún ọ̀pá kì í fẹ́ tó mi lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ owó páálí kan sì ti lé ní pọ́n-ùn 15. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbìyànjú láti jáwọ́ pẹ̀lú oògùn nikotíìnì tí à ń lẹ̀ mọ́ apá, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà ni mo sì padà sídìí rẹ̀ kí oṣù tó parí.

Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, mo lọ bá àwọn tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú sìgá ní àdúgbò wa. Wọ́n ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín sìgá, nínú èémí ènìyàn, 24 ló sì gbé jáde. Wọ́n fún mi ní vape, ìyẹn sìgá oníbátìrì, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú omi rẹ̀ tí nikotíìnì inú rẹ̀ jẹ́ 20 mílígíráàmù nínú mílílítà kan. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀rọ yẹn gbé 2 jáde. Láti ọjọ́ tí mo ti gbà á títí di òní, n kò fi ẹnu kan sìgá.

Ìyàwó mi kò fara mọ́ ọn rárá. Ó ní mo wo ẹ̀tẹ̀ sàn tán, mo wá ń tọ́jú làpálàpá bí ọmọ. Ọmọ wa ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlá, sì bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé èyí tó ń ta sánsán bíi máńgòrò yẹn ni mo tún máa rà. Ọ̀rọ̀ náà já mi láyà. Ní oṣù kejìlá, gbogbo wa ń lọ sí Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún nítorí ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún màmá mi, àwọn tí a jọ ń mu sìgá nígbà náà yóò sì pé síbẹ̀. Ìyàwó mi fẹ́ kí n fi vape sílẹ̀ pátápátá kí a tó wọ bàálù. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá fi í sílẹ̀ nísinsìnyí, ọ̀pá sìgá àkọ́kọ́ tí wọ́n bá nà sí mi ni màá gbà. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì (Manchester):

Ẹ kú oríire ti sìgá tí ẹ fi sílẹ̀, sà. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ìyàwó yín sì ni mo gbè. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni òfin ti sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ta vape fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ilẹ̀ yìí, síbẹ̀ kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí a kì í gba á lọ́wọ́ ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá, nínú ilé ìyàgbẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti suwíìtì, orúkọ tí wọ́n fún adùn rẹ̀ náà jẹ́ ti suwíìtì. Ìjọba fòfin de èyí tí wọ́n ń lò tán tí wọ́n ń sọnù ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2025, inú wa sì dùn; kò ju ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lọ tí irú kan náà fi dé, àwọ̀ kan náà, tí wọ́n kàn ṣe ojú ihò ṣájà sí lábẹ́. Ọmọ tó bi bàbá rẹ̀ léèrè nípa máńgòrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́ (Birmingham):

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá Tóbi. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi òwe ìyàwó yín, nítorí òwe náà gbè yín ju bí ó ti rò lọ: làpálàpá kì í gé ọmọ ìka ènìyàn. Nikotíìnì ló ń so amusìgá mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun gan-an ló ń fún un ní jẹjẹrẹ. Ewé tábà tó ń jóná ló ń ṣe é, nítorí pé jíjóná yẹn ló ń bí ọ̀dà tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró àti carbon monoxide tó ń gba ipò atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀. Ohunkóhun kì í jó nínú vape. Wáyà kékeré kan ló ń gbóná tó ń sọ omi di ooru. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà yín fi já láti 24 sí 2, kì í ṣe idán.

N kò sọ pé ooru náà dára fún ara o. Ẹni tí kò mu sìgá rí kò ní nǹkan kan í wá lọ síbẹ̀. Ní ọdún 2015, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ England sọ pé ewu rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti sìgá. Èmi kì í fi nọ́ńbà yẹn búra, nítorí àríyànjiyàn pọ̀ láàárín àwọn dókítà lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan yìí kò tíì pẹ́ láyé: ọdún 2003 ni Hon Lik, apoògùn ará Ṣáínà tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa bàbá rẹ̀, ṣe irú èyí tí àwọn ti òde òní jáde láti ara rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó fi ogójì ọdún lò ó tí a lè yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n àwọn tó fi ogójì ọdún mu sìgá ńkọ́? Wọ́ọ̀dù wa kún fún wọn.

Èyí tó kàn yín gan-an nìyí. Àwọn olùwádìí ilẹ̀ yìí mú amusìgá 886 tó fẹ́ jáwọ́, wọ́n fún apá kan ní vape, wọ́n fún apá kejì ní èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ra, ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì àti irú wọn, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba vape ni kò mu sìgá mọ́, nígbà tí ti àwọn yòókù kò ju 9.9 lọ. Apá tí àwọn tó ń ta vape kì í fẹ́ kà sókè ni pé nínú àwọn tó jáwọ́ pẹ̀lú vape, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ṣì ń fa á lẹ́yìn ọdún náà. Nítorí náà, kò burú kí ìyàwó yín béèrè ọjọ́ tí yóò parí. Kí ọjọ́ náà bọ́ sí oṣù kejìlá tí ẹ fẹ́ lọ jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ nìkan ni n kò lè fara mọ́. Ẹ má jáwọ́ nínú rẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Houston):

Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra o. Níbí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2019 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, àwọn tó lé ní 2,800 ni vape gbé dé ilé ìwòsàn, 68 nínú wọn sì kú. Ṣé ẹ kò gbọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́ (Birmingham):

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n, àwọn aláìsàn wa sì ń bi wá léèrè rẹ̀ títí di òní. Òróró igbó (marijuana) ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń fà, èyí tí wọ́n rà lábẹ́lẹ̀, tí àwọn tó ń tà á sì ti fi èròjà olóròóró kan tí wọ́n ń pè ní vitamin E acetate lú. Nǹkan yẹn ni wọ́n bá nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Wọn kò gbà kí ó wà nínú omi vape tí wọ́n ń tà ní gbangba ní ilẹ̀ yìí. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún Bàbá Tóbi ni pé kí ó má ra omi tí kò mọ ibi tó ti wá.

Bọ̀dá Ṣọ́ọ̀bù (Peckham):

Èmi ni mo ń tà á o, ẹ jẹ́ kí n fi ara mi hàn kí ẹ tó fi mí hàn. Òfin ọdún 2016 ti sọ iye tó gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí mò ń tà: nikotíìnì kò gbọdọ̀ ju 20 mílígíráàmù lọ nínú mílílítà kan, ìgò omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mílílítà 10 lọ, ibi tí omi ń wà nínú ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ gbà ju mílílítà 2 lọ, ẹni tó ṣe é sì ní láti fi tó ìjọba létí kí ó tó dé orí àtẹ. Mò ń pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń tà á fún ọmọ kékeré lẹ́yìn bọ́ọ̀tù ọkọ̀ kò pa ọ̀kankan mọ́, kò sì sí ẹni tó ń wá a lọ.

Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2026, ìjọba yóò máa gba owó orí pọ́n-ùn 2 àti pẹ́ńsì 20 lórí mílílítà 10 kọ̀ọ̀kan. Ìgò tí mò ń ta ní pọ́n-ùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lónìí, ẹ ṣírò ohun tí yóò dà. Lóòótọ́, wọ́n ní àwọn yóò fi kún owó orí sìgá lọ́jọ́ kan náà kí vape má baà wọ́n ju sìgá lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra sìgá lábẹ́lẹ̀ kò san owó orí kankan. Àbá òfin tuntun tí wọ́n gbé wá ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 tún fẹ́ fún mínísítà lágbára láti dín adùn rẹ̀ kù. Oníbàárà mi kan, ìyá àgbà ẹni ọdún 67, fi adùn èso jáwọ́ nínú sìgá tó ti ń mu láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọge. Bí ẹ bá ní kí n máa ta adùn tábà nìkan fún un, ẹ̀ ń rán an létí ohun tó sá fún ni.

Ìyá Ìbejì (Manchester):

Bọ̀dá, mo gbọ́ ti ìyá àgbà yẹn, n kò sì fẹ́ kí ó padà sídìí sìgá. N kò ní kí wọ́n fòfin dè é pátápátá. Láti ọdún 2009 ni ilẹ̀ Brazil ti fòfin de títà rẹ̀, wọ́n sì tún tẹnu mọ́ ọn ní ọdún 2024, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ wọn ń rí i rà. Ṣùgbọ́n ṣé dandan ni kí máńgòrò ní àwòrán ẹranko tó ń rẹ́rìn-ín lára páálí? Ṣé dandan ni kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ suwíìtì lórí káńtà? Àbá òfin kan náà fẹ́ kí ẹni tó bá ń tà á gba ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì lè bu owó ìtanràn 200 pọ́n-ùn fún ẹni tó bá tà á fún ọmọ kékeré lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é dáadáa ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ pariwo pé kí ó yá. Bàbá Tóbi, ó tún sọ pé ẹni tí wọ́n bá bí láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2009, wọn kò gbọdọ̀ ta sìgá fún un láéláé, bó ti wù kí ó dàgbà tó. Ọmọ yín wà nínú wọn.

Ará Bódìjà (Ìbàdàn):

Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀ ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé ṣe rí. Òfin tábà ọdún 2015 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ta sìgá ní ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, páálí odindi ni kí wọ́n tà. Ẹ bá mi lọ sí ìdí mọ́là èyíkéyìí lálẹ́ òní kí ẹ wò ó bóyá ó gbọ́. Ọ̀pá kan ni wọ́n ń tà, pẹ̀lú ináṣáná lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pá kan yẹn gan-an ló sì ń pa ẹni tó ti jáwọ́, nítorí kò sí ẹni tó ń rò pé òun ti padà sídìí sìgá nítorí ọ̀pá kan.

Ẹ ó rí vape ní àwọn ilé ìtajà ńlá, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé e. Èyí tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibí, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn 50 mílígíráàmù nínú mílílítà kan. Èyí ju ìlọ́po méjì ohun tí òfin gbà yín láyè ní ọ̀hún. Ẹ gbé omi tiyín wá. Inú báàgì tí ẹ máa gbé lọ́wọ́ wọ bàálù ni kí ẹ̀rọ náà wà, ẹ má fi sínú ẹrù tó ń lọ sí abẹ́ bàálù nítorí bátìrì rẹ̀, ẹ má sì fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán ibí. Ẹ mú méjì bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ mọ bí iná wa ṣe rí, ẹ kò sì ní fẹ́ kí vape yín kú lójú agbo tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣáná sí sìgá. Ẹ wá ibi kọ́lọ́fín lò ó, kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín má baà rí bọ̀dá London gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mú ohun tuntun dé.

Tẹ́lẹ̀-Rí (Leeds):

Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi lò ó kí n tó jáwọ́ nínú òun náà. Nikotíìnì inú omi rẹ̀ ni mo ń dín kù: mo ti orí 20 mílígíráàmù bọ́ sí 12, mo ti ibẹ̀ bọ́ sí 6, lẹ́yìn náà 3, mo sì ń lo oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti rí i pé ẹ ń fà á léraléra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ti yára jù, ẹ padà sókè díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó ti Ìbàdàn dé. Lóòótọ́, àwọn oníbánidófò (insurance) kò ka ẹni tó ń lo vape sí ẹni tó ti jáwọ́. Odidi ọdún kan láìsí nikotíìnì ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó dín owó tí mò ń san fún wọn kù.

Bàbá Tóbi (London):

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti pinnu láti gbé e dání. Mílílítà 10 ń tó mi fún ọjọ́ mẹ́rin, nítorí náà ìgò mẹ́sàn-án ni ọ̀sẹ̀ márùn-ún yóò gbà. Mo ti ra mẹ́wàá, pẹ̀lú ẹ̀rọ kejì. Kò sí máńgòrò nínú wọn, mẹ́ńtọ̀ọ̀lù lásán ni, ó sì wà nínú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́. Mo pe ọmọ mi jókòó, mo fi káàdì tí wọ́n kọ 24 àti 2 sí hàn án, mo sì sọ fún un pé ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀ kò tíì mọ nọ́ńbà kankan nínú méjèèjì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló sọ pé àwọn mẹ́ta ló ń fà á nínú kíláàsì òun. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì tán láàárín wa.

Ìyàwó mi náà ti ka gbogbo èsì yín. Ó ní òun gbọ́ ti nọ́ọ̀sì, pé làpálàpá kì í gé ọmọ ìka, ṣùgbọ́n làpálàpá náà ní oògùn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná: ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní, 12 mílígíráàmù.