Ta ló ba ẹ́ńjìnnì alùpùpù mi jẹ́: mẹ́káníìkì ni àbí ogbó?

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa alùpùpù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀.

Mo gbé alùpùpù mi lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì láti pààrọ̀ ọ́ìlì. N kò tíì gùn ún ju nǹkan bí 60 kìlómítà lọ lẹ́yìn tí mo gbà á padà, tí ẹ́ńjìnnì tí kì í pariwo tẹ́lẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ̀kọ̀kọ̀ láti òkè, tí ó sì nọ́ọ̀kì sójú ọ̀nà.

Ọ́ìlì tí mo fà jáde kò tó ìdajì lítà, bẹ́ẹ̀ lítà kan ni ìwé alùpùpù náà ní kó wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí wọ́n máa ń tú láti fa ọ́ìlì jáde le dáadáa, n kò sì rí ibi tí ọ́ìlì ti jò. Nígbà tí mo da ọ́ìlì náà sínú abọ́ funfun, ó ń kọ mànà bí ẹni pé wọ́n bu lẹ́búlẹ́bú irin sí i. Mo tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò, mo sì ya fọ́tò rẹ̀.

Mẹ́káníìkì ní ẹ́ńjìnnì ti gbó, pé ó ń jẹ ọ́ìlì. N kò fẹ́ parọ́ mọ́ ọn, nítorí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò rí èéfín búlúù, tí ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì máa ń rú, rí lẹ́nu sàlẹ́ńsà mi.

Bí mo bá gbé e fún ẹlòmíràn láti tú, kí ni kí a wò nínú rẹ̀ tí yóò fi hàn bóyá àìtó ọ́ìlì ló bà á jẹ́ lójijì, tàbí ó ti ń gbó díẹ̀díẹ̀ tipẹ́? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.