Ṣé Bob Marley ló dá régè sílẹ̀ lóòótọ́?

OnílùÒkèFìà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Dírọ́ọ̀mù ni mò ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Òṣogbo. Oníbáàsì wa ní Bob Marley ló dá régè sílẹ̀, mo jiyàn, ó sì fẹnu borí mi. Ẹ bá wa dá sí i. Kí ló sì dé tí ìlù régè fi máa ń dà bí ẹni tó pẹ́ dé?

BàbáKásẹ́ẹ̀tì: Ọmọ mi, mo ta kásẹ́ẹ̀tì ní Ọláìyá títí sídì fi gba oúnjẹ lẹ́nu wa. Bob gbé e káyé ni, kò dá a sílẹ̀. Ní Kingston, olú ìlú Jàmáíkà, àwọn bíi Duke Reid àti Coxsone Dodd a máa to sípíkà gàgàrà síta, wọ́n a lu awo Amẹ́ríkà, wọ́n a sì pawó. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé kọ tiwọn. Bí orin tí wọ́n ń pè ní ska ṣe délẹ̀ nìyẹn, eré sísá ni ìlù rẹ̀; òun ni wọ́n ń jó nígbà tí Jàmáíkà gbòmìnira ní 1962. Ní bíi 1966 eré rẹ̀ rọ̀, ó di orin rocksteady, báàsì wá di ọ̀gá (sọ ìyẹn fún oníbáàsì yín, inú rẹ̀ á dùn). Ọdún 1968 ni Toots àtàwọn Maytals gbé orin "Do the Reggay" jáde, tó ní orúkọ régè nínú. Àwo "Catch a Fire" tí òkèèrè fi gbọ́ ti Bob, 1973 ni.

Ní ti ìlù: ka ení dé ẹ̀rin. Má fẹsẹ̀ kan kick (ìlù ńlá tí à ń fẹsẹ̀ lù) lórí ení rárá. Orí ẹ̀ta ni kí kick àti snare (ìlù pẹlẹbẹ tí à ń fi ọ̀pá lù) ti jọ balẹ̀. Kí gìtá máa já "ṣà, ṣà" lórí èjì àti ẹ̀rin. Ìlù tí wọ́n ń pè ní one drop nìyẹn. Ìwọ ṣáà gbọ́ Carlton Barrett, onílù Bob.

ÌyáAláàdìrẹ: Bàbá, ẹ ò dárúkọ ìlù tiwa! Abúlé kan wà ní Westmoreland, ní Jàmáíkà lọ́hùn-ún, tó ń jẹ́ Abẹ́òkúta.

BàbáKásẹ́ẹ̀tì: Abúlé náà wà, màmá, àmọ́ ẹ rọra. Ìlù Count Ossie àtàwọn Rasta, inú buru àti kumina, ìlù àbáláyé àwọn aláwọ̀ dúdú Jàmáíkà, ló ti jáde, ará Kóńgò ló sì ni kumina. Régè tiwa ni ti Majek Fashek. Nígbà tí "Send Down the Rain" dé ní 1988, mi ò lè dà á kọ tó fún àwọn oníbàárà.

OnílùÒkèFìà: Ẹ ṣé, sà. Mo ti ń gbìyànjú ẹ̀, ẹsẹ̀ mi ṣì ń sá lọ bá ení.

BàbáKásẹ́ẹ̀tì: So ó mọ́ ẹsẹ̀ àga.