Awakọ̀ takisí tí oorun ń kùn lọ́nà jíjìn: ẹ wá sọ tiyín

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ awakọ̀ tó ń tòògbé nídìí sítíárìn ni mo gbé wá. Ẹni tó bá ti bá a pàdé nílùú òkèèrè, kó sọ bó ṣe rí i àti ohun tó ṣe. Kì í ṣe ìtàn ẹlòmíì o, tiyín gan-an ni mò ń bèèrè.

Tèmi rèé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣẹlẹ̀. Bàálù wa balẹ̀ sí Heathrow lálẹ́, ẹrù pẹ́ kó tó jáde, aago méjìlá òru sì ti kọjá kí a tó kúrò níbẹ̀. Leeds ni mò ń lọ, ọ̀nà bí igba máìlì. Ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi ṣètò takisí náà sílẹ̀, ó ti sanwó. Awakọ̀ yẹn ṣe dáadáa sí mi: ó gbé ẹrù mi, ó bèèrè bóyá òtútù ń mú mi, kí a sì tó dé M1, títì márosẹ̀ tó lọ sí Leeds, ó ti ròyìn gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ fún mi.

Nígbà tí a kọjá Luton, ó dákẹ́. Ẹnu tí kò sinmi láti Heathrow, ó kàn pa mọ́ lójijì ni. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ gbo ojú, ó fọwọ́ gbo ọrùn, ó yán, ó tún yán. Ó sọ fèrèsé kalẹ̀ nínú òtútù yẹn, ó yí rédíò sókè. Eré ọkọ̀ ò dúró sójú kan mọ́: á lọ sí 70, á já sí 55, á tún ta kìjí gbéra. Ẹ̀yìn ni mo wà, mo ń wo ojú rẹ̀ nínú dígí. Ó ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú rẹ̀ ń pẹ́ kó tó gòkè padà. Lójú tèmi, ojú tó ń pẹ́ là yẹn burú ju yíyán lọ.

Ni táyà bá gun ìlà etí ọ̀nà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìlà náà gbágungbàgun ni, tí táyà bá ti gùn ún, gbogbo ọkọ̀ á máa dún gììì. Ó ta gìrì, ó ní kí n má bínú. Kò pẹ́ sígbà yẹn la kọjá lára pátákó kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àárẹ̀ lè pani, kí awakọ̀ lọ sinmi. Irú pátákó bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà wọn. Mo wo pátákó, mo wo ọkùnrin yìí.

N ò sọ fún un pé ó ń sùn. Ẹni tí oorun ń kùn, bí ẹ bá bi í bóyá ó ń sùn, "rárá" ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Ìtọ̀ kankan ò gbọ̀n mí o! Ó yà sí ibi ìsinmi tó kàn. Mo ra kọfí méjì, mo gbé ọ̀kan fún un, mo ní mo fẹ́ fi fóònù bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀, pé yóò gbà mí tó ìdajì wákàtí, kó jọ̀ọ́ sinmi dè mí. Ó mu kọfí náà, ó tẹ àga sẹ́yìn, ó sì sùn lọ fọnfọn. Èmi dúró síta, mo gbé fóònù sétí, mò ń dá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo rí i nínú ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ohun tí wọ́n gbani nímọ̀ràn náà nìyẹn: kí awakọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán láàárín wákàtí méjì-méjì, kó yẹra fún ìrìn jíjìn láti àárín òru títí di aago mẹ́fà àárọ̀. Tí oorun bá sì ń kùn ún, kó dúró níbi tí kò séwu, kó mu kọfí ife méjì, kó rẹjú. Kọfí máa ń gbà tó ìdajì wákàtí kó tó ṣiṣẹ́ lára, nítorí náà ẹni tó bá mu ún kó tó rẹjú, yóò jí bá agbára rẹ̀ ni.

Nígbà tó jí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ náà ló tún gbé kalẹ̀. Inú mi dùn sí i lọ́tẹ̀ yìí.

* * *

Àǹtí, ẹ kú ọgbọ́n. Tiwa kì í ṣe òru rárá, ọ̀sán gangan ni, nínú oṣù ààwẹ̀. A ṣe Úmúrà tán ní Mẹ́kà, a wá gba takisí lọ sí Mẹ̀dínà. Ọ̀nà náà tó bí kìlómítà 450, títì tó tẹ́jú tó sì gún, yanrìn àti òkúta dúdú lọ́tùn-ún lósì. Kò sí nǹkan tí ojú ń rí wò. Lẹ́yìn ìrun àyílà la gbéra. Èmi ni mo jókòó síwájú, àwọn mẹ́ta tó kù ti sùn kí a tó jáde nílùú.

Ẹ rò ó wò: ọkùnrin tó gbààwẹ̀, tó kírun àṣámù lálẹ́, tó jí sààrì, tó sì ń gbé èrò láàárín gbogbo rẹ̀. Ara ènìyàn sì ní àsìkò méjì tí oorun máa ń wá láìpè é: láti nǹkan bí aago méjì òru títí di ìdájí, àti láàárín aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán. Àwọn kan rò pé oúnjẹ ọ̀sán ló ń fa èyí kejì. Ọkùnrin yìí ò jẹ nǹkan kan, orí rẹ̀ sì ń já wá sí àyà.

A ò gbọ́ èdè ara wa. Lárúbáwá tí mo gbọ́ kò ju ti ìrun lọ. Mo bá gbé àsàlátù fún Ànábì sókè, òun náà gbè é, a jọ ń pariwo, ojú rẹ̀ là. Kò pẹ́ rárá tí orí tún já. Ni mo bá nawọ́ sí mọ́ṣáláṣí ilé epo kan tó wà níwájú, mo ní "Alásàárì! Alásàárì!" Alhaji tó wà lẹ́yìn ta jí, ó ní ṣebí a ti kí àyílà àti alásàárì pọ̀ ní Mẹ́kà gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò. Mo yíjú padà, mo ṣẹ́jú sí i, mo ní "Bàbá Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ kí nọ́fílà." Ọlọ́run mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Awakọ̀ wa ṣe àlùwàlá, ó kírun, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì mọ́ṣáláṣí, ló bá di oorun. Kò sí ọ̀rọ̀ kọfí níbẹ̀, ẹnu ààwẹ̀ ló wà. Oorun nìkan la rí fún un, a sì jẹ́ kó sùn ún tẹ́rùn.

Nígbà tí a ń padà, ọkọ̀ ojú irin Haramain la wọ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 2018, tí eré rẹ̀ ń tó kìlómítà 300 ní wákàtí kan. Bàbá Alhaji gan-an ló sáré lọ ra tikẹ́ẹ̀tì.

* * *

Awakọ̀ takisí ni mí, New York ni mo ti ń wà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ láti iwájú ọkọ̀. Àǹtí ní ẹni tí oorun ń kùn á ní òun ò sùn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ló ń pa. Oorun ìṣẹ́jú àáyá méjì-mẹ́ta yẹn, ẹni tó sùn ún lè má mọ̀ pé òun sùn. Ojú lè là sílẹ̀ pàápàá. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, mítà bí 28 ló ń gbà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tí ojú bá pa dé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré, ọkọ̀ ti rìn ju mítà 110 lọ láìsí ẹni tó ń wà á. Ìdí nìyẹn tí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ fi máa ń burú: ẹni tó sùn kì í tẹ bíréèkì.

Èmi mọ tara mi. Tí mo bá ti ré kọjá ibi tó yẹ kí n yà, tàbí tí mi ò rántí afárá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn kọjá, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, màá wá ibi páàkì. Fèrèsé ṣíṣí, orin kíkọ, gọ́ọ̀mù jíjẹ, omi tútù lójú, mo ti rí àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Kì í lé oorun lọ, ó kàn ń jẹ́ kó dúró díẹ̀ ni.

Ní 1997, àwọn onímọ̀ kan ní Australia dán an wò. Ẹni tó bá ti lajú sílẹ̀ fún wákàtí 17, ara rẹ̀ ti lọ́ra bíi ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, iye tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní awakọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá. Tó bá di wákàtí 24, ó ti di bí 0.10. Ẹ ò ní wọ ọkọ̀ ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń rùn fún ọtí, àbí? Àìsùn kì í rùn lẹ́nu, wàhálà rẹ̀ nìyẹn.

Níbi tí mo wà, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso takisí ti fi òfin dè é pé a ò gbọdọ̀ gbé èrò ju wákàtí 10 lọ nínú wákàtí 24, tàbí ju wákàtí 60 lọ lọ́sẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò mọ̀ bóyá mo ní iṣẹ́ mìíràn tí mò ń ṣe, kò mọ̀ bóyá ọmọ ọwọ́ ké mọ́jú nílé mi. Ìwọ tó fẹ́ wọ ọkọ̀ lo lè bèèrè.

Kí ló dé tí awakọ̀ kì í fẹ́ dúró? Owó ni. Ẹ ti jọ dá iye kan láti New York dé Boston. Bó dúró fún wákàtí kan, owó náà ò lé kọ́bọ̀. Òfìfo ló sì máa bọ̀, olówó ọkọ̀ ń retí owó rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ kó tó gbéra pé ẹ fẹ́ dúró lọ́nà, ẹ ó sì sanwó ìdúró. Ẹ bi í ní aago tó jí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má wulẹ̀ bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Ta ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí owó ti wà lójú?

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ owó yẹn ló wà nídìí tèmi náà. Sẹ̀nẹ̀gà ni, takisí elérò méje tí wọ́n ń pè ní sept-place, láti Dakar lọ sí Ziguinchor. Kì í gbéra àfi tó bá kún. Awakọ̀ wa ti wà ní gáréèjì láti ìdájí, oòrùn sì ti mú kí a tó kún. Ìyá oníṣòwò kan tó jókòó síwájú fi obì sí i lọ́wọ́, ó ń bá a tàkúrọ̀sọ. Tí kò bá tètè dáhùn, á gbá a léjìká. Kò sẹ́ni tó yàn án síṣẹ́ náà.

Ìyá yìí ló sọ ọ́, ẹnì kan nínú wa sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi, pé nígbà kan, odò Gáḿbíà tí ọ̀nà náà gbà kọjá ló ń fún awakọ̀ nísinmi. Wọ́n á tò sílẹ̀ ní Farafenni, ìlú kan ní Gáḿbíà, de ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Èrò á máa kùn, awakọ̀ á máa sùn. Láti 2019 tí wọ́n ti ṣí afárá, kò sẹ́ni tó ń tò mọ́. Inú gbogbo wa dùn sí afárá náà, tèmi pẹ̀lú, àmọ́ mi ò rí ohun tó rọ́pò oorun etí odò yẹn fún wọn.

* * *

Tèmi ò gùn. Jámánì ni, ọkọ̀ tuntun ni. Àwòrán ife kọfí yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó dún píìn. Awakọ̀ tẹ bọ́tìnnì, ó pa á. Ó tún yọ, ó tún pa á. Láti oṣù keje 2024, òfin Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọkọ̀ tuntun ní ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ tí oorun ń kùn, àmọ́ ẹ̀rọ yẹn ò lè bá a páàkì. Awakọ̀ tírélà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sinmi ìṣẹ́jú 45 tó bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Òfin yẹn ò kan takisí. Mo ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ ń bẹ̀ yín, ẹ dá a lóhùn." Ó rẹ́rìn-ín, ó yà.

Ẹ̀gbọ́n awakọ̀, tí kì í bá ṣe pé ó rẹ́rìn-ín ńkọ́? Tó bá bínú, tó kọ̀ tí kò dúró?

* * *

Àbúrò, sọ fún un pé èébì ń gbé ẹ. Kò sí awakọ̀ takisí tó máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní wá ibi yà sí kíákíá. Ilé epo tó níná ni kó jẹ́ o, má ṣe sọ̀ kalẹ̀ létí títì márosẹ̀ níbi tí tírélà ti ń sá lóru. Tó o bá ti sọ̀, gbé ẹrù rẹ, pe ọkọ̀ mìíràn. Kó tó dìgbà yẹn, de bẹ́líìtì, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀yìn lo wà.

Àwọn kan á ní kí awakọ̀ sún, kí àwọn bá a wà á. Má dán an wò. Ìwé ìwakọ̀ rẹ lè máà wúlò nílùú yẹn, ínṣọ́ránsì ọkọ̀ náà ò sì ní mọ̀ ẹ́ rí. Tí ẹ bá pọ̀ nínú ọkọ̀, kí gbogbo yín má sùn pọ̀. Ẹni tó bá wà níwájú ni kó lajú, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ níbikíbi tí ẹ bá ti dúró.